Ta Ló Jẹ Albert Pujols Lówó?

Lọ́dún 2003, kò sí ẹni tó mọ igi í fi gbá bọ́ọ̀lù tó Albert Pujols ní National League, ọ̀kan nínú líìgì méjì tó para pọ̀ di líìgì ńlá baseball ní Amẹ́ríkà. Bí a bá fi ìgbà 1000 ṣe òdiwọ̀n iye ìgbà tí èèyàn dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́, 359 ló yọrí fún un. Ẹni tó bá sì ti dé 300 nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ó gbá bọ́ọ̀lù 43 fò kọjá odi pápá. Ẹgbẹ́ rẹ̀, St. Louis Cardinals, san 900,000 dọ́là fún un lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ ká fo ọdún 18. Lọ́dún 2021, Pujols ti di ẹni ọdún 41. Ẹsẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, eré tó ń sá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìrìn mọ́, 359 ti já sí 198. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 30 dọ́là. Los Angeles Angels tó ń san án tilẹ̀ ní kó máa lọ ní oṣù karùn-ún, síbẹ̀ kọ́bọ̀ kan kò yẹ̀ nínú owó náà.

Ẹ ro èyí fún bíríkìlà kan. Ẹ ní nígbà tó ń mọ ilé alájà mẹ́ta láìmí, 900 náírà ni wọ́n ń fún un lójúmọ́; nígbà tí kò lè gbé páànù síméǹtì mọ́, wọ́n wá ń fún un ní 30,000. Yóò ní orí ẹni tó ń sanwó ti dàrú.

Nígbàkigbà tí àdéhùn ìràwọ̀ kan bá parí ní ìgbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ọ̀nà méjì ni àríyànjiyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní òwò ni, ẹ san iye tí agbára rẹ̀ bá kù fún un. Àwọn kejì á ní ẹni tó ti ṣe ni lóore, a kì í bá a díye bí ẹni ń ra ata. Lójú tèmi, àárín ìtàn ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà níbi tí ọmọ ọdún 21 ti ń ṣiṣẹ́ tí owó iṣẹ́ náà kò sì tíì dé.

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún iye ọdún tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, ọjọ́ tó bá ṣe fíríìdọ̀m ló tó lè gba aṣọ oníbàárà tirẹ̀ kó sì dá iye tó bá wù ú. Bí baseball ṣe rí nìyẹn. Ọmọ tó bá wọ líìgì ńlá yóò lo ọdún 6 gbáko lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ni ín kó tó lè bá ẹgbẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ owó. Ní nǹkan bí ọdún 3 àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ló ń dá iye tí wọn yóò san, bí kò bá ṣáà ti kéré sí òdiwọ̀n tí líìgì fi lélẹ̀: 200,000 dọ́là ni lọ́dún 2001, 760,000 ni lọ́dún 2025. Ní ọdún 3 tó kù, ó lè gbé ẹjọ́ owó rẹ̀ lọ síwájú onílàjà. Òun á dá iye tirẹ̀, ẹgbẹ́ á dá tiwọn, onílàjà á sì mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Kò gbọdọ̀ là á sí àárín. Lẹ́yìn ọdún kẹfà ló tó ṣe fíríìdọ̀m.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti télọ̀ ni pé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí lè ti máa rán agbádá ju ọ̀gá lọ láti ọjọ́ kìíní. Ọdún 2001 ni Pujols, ọmọ Dominican Republic, kọ́kọ́ wọ líìgì ńlá. Ó gbá bọ́ọ̀lù 37 kọjá odi, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọ́bẹ̀rẹ̀ tó dára jùlọ ní National League. Òdiwọ̀n yẹn gan-an, 200,000 dọ́là, ni wọ́n san fún un. Lọ́dún kejì, 600,000.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré kó gba ogún ọdún. Nínú baseball, àárín ọdún 26 sí 29 ni ara ọ̀pọ̀ eléré máa ń le jù. Lẹ́yìn 30, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó rí bọ́ọ̀lù, ìbàdí á máa yí pẹ̀lú ìrora, ìfarapa tó ń san ní ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ á wá gba oṣù méjì. Ẹ sì wò ó: ẹni tó bá wọ líìgì ní ẹni ọdún 23 tàbí 24, tó wá sin ọdún 6, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni lọ́jọ́ fíríìdọ̀m. Ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọjà fún un ni oòrùn ń wọ̀.

Àwa tí a mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dáadáa, ibí yìí ló máa ń dojú rú fún wa jù. Bí Napoli bá fẹ́ Osimhen, wọ́n á lọ gbé owó lé tábìlì ẹgbẹ́ tó ni ín, owó oṣù rẹ̀ á sì fò sókè lọ́jọ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Nínú baseball, wọn kì í sáábà fi owó ra eléré lọ́wọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi eléré pààrọ̀ eléré ni. Wọ́n lè fi ọ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn lóru mọ́jú, àdéhùn rẹ kan náà ni wàá gbé dání lọ, owó rẹ ò ní fi dọ́là kan lé. O gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 10 nínú líìgì ńlá, kí ọdún 5 tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí òfin tó fún ọ lágbára láti sọ pé o ò lọ.

Nítorí náà, àwìn ni ẹgbẹ́ ń ra agbára ọ̀dọ́. Eléré mọ̀, aṣojú rẹ̀ mọ̀, àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ̀ ọ́n lọ́kàn wọn bí wọn ò tilẹ̀ lè fi ìṣirò gbé e kalẹ̀. Bí ọjọ́ àdéhùn ńlá bá dé, owó tí wọ́n bá dárúkọ ní nǹkan méjì nínú: iye tí iṣẹ́ ọ̀la tó, àti àwìn àná. Ìwé àdéhùn kì í sì í pín in fún wa sí méjì. Orúkọ tí eléré ń pe apá kejì yẹn ni ìmoore. Orúkọ tí akápò ẹgbẹ́ ń pè é ni òfò.

Kí a tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ pé láyé àtijọ́ eléré máa ń dúró ti ẹgbẹ́ kan títí dalẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín. Ṣáájú 1975, fíríìdọ̀m kò sí rárá. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú ọ ló ni ọ́ títí tí wàá fi fẹ̀yìntì, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá fi ọ́ ṣe pààrọ̀. Cardinals yìí kan náà ni Curt Flood gbá bọ́ọ̀lù fún ní ọdún 12. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ pè é lórí fóònù pé wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí Philadelphia. Flood, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gba 90,000 dọ́là lọ́dún, ní òun ò lọ. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá líìgì, Bowie Kuhn, pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà láì bi òun. Nígbà tí wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n kí ló ń ráhùn sí pẹ̀lú irú owó bẹ́ẹ̀, ó ní ẹrú tí wọ́n ń san owó rẹ̀ dáadáa, ẹrú náà ni. Ó pe líìgì lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Lọ́dún 1972 wọ́n dá a lẹ́bi pẹ̀lú ìbò 5 sí 3, iṣẹ́ rẹ̀ sì bá ẹjọ́ náà lọ. Oṣù kejìlá ọdún 1975 ni onílàjà kan, Peter Seitz, tó dá Andy Messersmith àti Dave McNally sílẹ̀, tí ìdè náà fi já fún gbogbo wọn.

Ilé tí wọ́n tì pa, a ò lè mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀ nítorí ìfẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Pujols. Lọ́dún 2004, ó ku ọdún 3 kó ṣe fíríìdọ̀m, Cardinals gbé àdéhùn ọdún 7 wá fún un lórí mílíọ̀nù 100 dọ́là. Ẹni ọdún 24 ni, ó sì buwọ́ lù ú. Owó gidi ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n jẹ ẹ́ níyà. Àmọ́ láàárín ọdún 7 yẹn ló gba àmì-ẹ̀yẹ eléré tó dára jùlọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lọ́dún 2005, 2008 àti 2009, tó sì bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì ńlá, lọ́dún 2006. Nígbà tí ọdún keje pé, àyè wà nínú ìwé náà fún ẹgbẹ́ láti fi ọdún kan kún un lórí mílíọ̀nù 16, wọ́n sì lò ó. Nígbà yẹn, Philadelphia ti ṣèlérí mílíọ̀nù 25 lọ́dún fún Ryan Howard, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Pujols ń ṣe tí kò sì tó o. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀.

Lọ́dún 2011 tó kẹ́yìn yẹn, Cardinals tún gba World Series. Nínú eré kẹta ní Texas, Pujols nìkan gbá bọ́ọ̀lù 3 kọjá odi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n ṣí ère rẹ̀ níwájú ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní St. Louis. Ní oṣù kejìlá, ó lọ.

Angels fún un ní ọdún 10 lórí mílíọ̀nù 240 dọ́là. Cardinals kò fẹ́ dé ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sórí rédíò, ó ní ọdún 5 lórí mílíọ̀nù 130 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n, ó sì dùn wọ́n bí ìwọ̀sí. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ní St. Louis fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́: ta ni wọ́n ń fi mílíọ̀nù 130 wọ̀sí lórí ilẹ̀ ayé yìí? Ẹ̀rín náà pa èmi náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rántí àwìn, ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ ti jẹ ọdún tó dùn, ẹ sì ń díye èyí tó kù bí ẹni pé òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wá.

Ta wá ni Angels sí i? Wọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Bọ́ọ̀lù 445 tó gbá kọjá odi ní St. Louis, kò sí ẹyọ kan tí ó bọ́ sápò wọn. Òwò pọ́nńbélé ni tiwọn: wọ́n ń fẹ́ orúkọ tí yóò kún pápá, wọ́n sì ń ṣe àdéhùn tẹlifíṣọ̀n tuntun tí ìròyìn sọ pé owó rẹ̀ wọ bílíọ̀nù dọ́là. Bí wọ́n ṣe to owó náà gan-an yẹ fún wíwò. Mílíọ̀nù 12 lọ́dún 2012, 16 lọ́dún 2013, 23 lọ́dún 2014, lẹ́yìn náà ó ń fi mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan gòkè lọ́dọọdún títí tó fi dé 30 lọ́dún 2021. Bí agbára ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni owó ń gun òkè. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá fẹ̀yìntì, yóò bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún 10 mìíràn lórí mílíọ̀nù 10. Nínú baseball, owó tí wọ́n bá sì ti kọ sínú àdéhùn, sísan ni: bí o fara pa, bí ọwọ́ rẹ rọ, bí wọ́n lé ọ lọ. Ìyẹn ni mílíọ̀nù 30 ọdún 2021 ṣe tẹ̀lé ẹni tí wọ́n ti lé délé.

Ní ọdún mẹ́wàá ó dín díẹ̀ tó lò lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Angels dé ìdíje ìkẹyìn ọdún, lọ́dún 2014, wọ́n sì pàdánù eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá níbẹ̀. Ní St. Louis ńkọ́? Òfin ìgbà yẹn ni pé ẹgbẹ́ tó bá gba irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi àǹfààní tirẹ̀ láti mú ọ̀dọ́ tuntun di ẹgbẹ́ tó pàdánù rẹ̀. Cardinals fi àǹfààní Angels mú ọmọ kan tó ń jẹ́ Michael Wacha. Lọ́dún 2013, lẹ́ni ọdún 22, òun ni wọ́n kéde pé ó dára jùlọ nínú ìdíje tó gbé Cardinals dé World Series. Láti 2012 dé 2015, lọ́dọọdún ni wọ́n ń dé ìdíje ìkẹyìn. Bí ẹ bá ní kí n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀, Cardinals gbọ́n. Wọn ì bá san owó yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá ṣẹ́ wọn. Ohun tí mo kọ̀ láti gbà ni pé kí wọ́n máa pe ọgbọ́n yẹn ní ìwà rere, kí wọ́n sì pe ti Pujols ní ojúkòkòrò. Ẹni tó jẹ àwìn ló kọ̀ tí kò san. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ ló wá san án. Èmi ò tíì rí ọjà mìíràn tí wọ́n ti ń ná bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo àgbà eléré ni wọ́n jẹ lówó, ẹ wo Derek Jeter ti New York Yankees. Òun kò ní àwìn kankan lọ́rùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù 189 ló gbà láàárín 2001 sí 2010. Nígbà tí àdéhùn náà parí, ẹni ọdún 36 ni, ìṣirò rẹ̀ ti já sí 270, ó kéré jù nínú gbogbo ọdún tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù gidi. Síbẹ̀ òun ni balógun ikọ̀, ó ti gba World Series 5, ó sì ku 74 kí gbígbá rẹ̀ tó yọrí pé 3,000, ohun tí ẹni kankan kò tíì ṣe nínú aṣọ Yankees. Ohun tó wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe gbèsè. Orúkọ ni, àti iye tíkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tí orúkọ náà yóò tà.

Ìdúnàá-dúrà náà bọ́ sójú pópó. Aṣojú rẹ̀, Casey Close, sọ fún àwọn oníròyìn pé ìwà ẹgbẹ́ náà kò yé òun. Brian Cashman, tó ń rà tó ń tà fún Yankees, dáhùn pé kó lọ wo ohun tí ọjà bá fún un. Ọ̀rọ̀ òwò ni, ó sì mú bí abẹ. Cashman mọ̀, Jeter mọ̀, pé kò sí ẹgbẹ́ tó máa fún un nídajì owó tó ń bèèrè. Ọmọ ilé nìkan lè rówó yẹn gbà, nínú ilé. Ní ìkẹyìn wọ́n fún un ní ọdún 3 lórí mílíọ̀nù 51. Ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, tí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ jókòó tì í, Jeter kò bo ọ̀rọ̀ mọ́ra: ó ní inú bí òun bí wọ́n ṣe gbé e sí etí gbogbo ayé.

Ta ló wá jàre? Ní oṣù keje 2011, ó gbá èyí tó pé 3,000 náà fò kọjá odi ní New York, gbogbo ìgbà 5 tó di igi mú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló yọrí. Lọ́dún 2012, ìgbà 216 ni gbígbá rẹ̀ yọrí, kò sì sẹ́ni tó tó o ní gbogbo líìgì. Ẹ ní àṣìṣe kọ́, àbí? Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lórí pápá, eré 17 péré ló sì lè gbá lọ́dún 2013, nínú eré 162 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá. Bí ẹ bá bi Cashman àti Close, ó ṣeé ṣe kí kálukú mú ọdún tirẹ̀ dání wá jẹ́rìí.

Àwọn ẹgbẹ́ ti rí gbogbo èyí, wọ́n sì ti ń yí ọgbọ́n padà. Dípò kí wọ́n dúró de ìgbà tí eléré bá di 30, ọ̀dọ́ ni wọ́n ń bá ṣe àdéhùn gígùn báyìí. Lọ́dún 2019, Atlanta Braves fún Ronald Acuña Jr., ọmọ ọdún 21, ní ọdún 8 lórí mílíọ̀nù 100. Lọ́dún 2023 ó gbá bọ́ọ̀lù 41 kọjá odi, ó jí ibùdó 73 (ìyẹn ni pé ó sáré dé ibùdó tó kàn kí àwọn alátakò tó rí i dá dúró), wọ́n sì fi í ṣe eléré tó dára jùlọ ní National League. Ẹ tún ka iye náà wò: mílíọ̀nù 100. Iye tí Cardinals fún Pujols ní ọdún 15 ṣáájú ni, ọdún ti Acuña sì tún fi ọ̀kan gùn jù. Àwọn tó ń sọ pé ìgbà àwìn ti kọjá, èmi ò mọ irú ìwé ìṣirò tí wọ́n ń lò.

Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Pujols kọ́kọ́ wọ aṣọ Angels padà sí pápá St. Louis. Bó ṣe ń bọ̀ nídìí igi, gbogbo pápá dìde. Yadier Molina, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń di bọ́ọ̀lù mú fún Cardinals, yẹ kó ti lóṣòó sẹ́yìn ibi tí Pujols fẹ́ dúró sí. Ó rọra rìn yíká iwájú, ó ń tún ilẹ̀ tí kò bàjẹ́ ṣe, kí àtẹ́wọ́ náà lè pẹ́. Àwọn méjèèjì wá dì mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, Pujols gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá odi sí wọn lára. Wọ́n tún dìde fún un, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń na ẹgbẹ́ wọn.

Lẹ́yìn tí Angels lé e, tó sì bá Los Angeles Dodgers parí ọdún 2021, Cardinals mú un padà fún ọdún 2022. Mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Bọ́ọ̀lù 24 ló gbá kọjá odi fún wọn lẹ́ni ọdún 42, ẹ̀kẹẹ̀dẹ́gbẹ̀rin ní ayé rẹ̀ sì wà lára wọn. Ó parí sí 703. Bí iye tí wọ́n san bá jọ ti ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lójú yín, ojú yín kò ṣe yín.

Ó fẹ̀yìntì pẹ̀lú aṣọ pupa Cardinals lọ́rùn, pẹ̀lú omijé àti ìlù àti gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ padà sí ibùdó ìdánrawò, wọ́n rí Pujols ní Arizona, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń di igi mú. Ibùdó Angels ni. Ọdún kìíní nínú mẹ́wàá tó wà nínú ìwé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.